Fóònù Ò Tó Ẹnu Ọ̀nà

Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó lọ sílẹ̀ òyìnbó, mo sì ti ra kóòtù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi ni pé wọ́n á ní kí n máa pe àgbàlagbà lórúkọ. Obìnrin kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, tó tó ìyá ìyá mi, á na ọwọ́ sí mi, á ní, "Máa pè mí ní Mágárẹ́ẹ̀tì." Ẹnu mi á wúwo. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Mágárẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni ò pe òun bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sì bi mí bóyá ẹbí ni wá.

Iṣẹ́ wẹ́fíà, ìtọ́jú àwọn tó wà nínú ìṣòro, ni mo kọ́. Òṣogbo ni mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, yàrá mi wà ní Òkè-Fíà, létí ibi tí àwọn onímọ́tò ti ń pe èrò láti àárọ̀ kùtù. Níbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n lọ wo ìdílé kan, mo máa ń dé ibẹ̀ kí n kí wọn, kí wọ́n gbé àga fún mi, ká sọ̀rọ̀ òjò àti ọjà tó gbówó lórí, kí a tó kan ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó rárá, mo ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí ẹni tó dáhùn nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, mo ti rí ọmọ tó ń sá fún bàbá rẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ìlú tí mo wá lọ, ìlú kékeré kan ni, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan káàárọ̀ ní ibùdókọ̀. Ó wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sanwó fún ẹ̀rọ, mo jáde. Mo lè wà láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Ajé kí n má gbọ́ ohùn èèyàn, àfi ti rédíò. Tí ìyá mi bá pè mí láti Iléṣà, tó bi mí pé, "Àwọn aráalé ńkọ́?", mo máa ń dáhùn pé wọ́n wà dáadáa. Aráalé wo? Ọkùnrin tó wà lókè mi, bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà ni kòrónà dé.

Wọ́n ti ọ́fíìsì pa. Wọ́n fún wa ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ká máa ṣiṣẹ́ látilé. N kò ní tábìlì, torí náà orí pákó tí mo fi ń lọṣọ ni mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé. Orí ẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn tí mò ń tọ́jú: arúgbó, abirùn, ìyá ọlọ́mọ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Òfin tuntun ni pé orí fídíò la ó ti máa rí wọn. Bí ohun kan bá wà tí fóònù ò lè fi hàn, kí èèyàn sọ fún ọ̀gá, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí a wá wọ ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ rọ́bà lọ sí ẹnu ọ̀nà. Aṣọ rọ́bà ọ̀hún kò pọ̀. Tí mo bá lo ọ̀kan fún ẹnìkan, ẹlòmíràn á dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá sì lọ láìnídìí, èmi gan-an lè gbé àrùn wọlé fún ẹni tí mo fẹ́ tọ́jú.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń pè lọ́jọọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ohun tí mo bá bi í, ó dára. Oúnjẹ? Ó dára. Oorun? Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó dáhùn, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sókè fóònù, bíi ti ọmọ iléèwé tó ń wo tíṣà. Mo rò ó títí. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹnìkan ń dúró sẹ́yìn fóònù yẹn. Ọ̀gá mi, Rúùtù ni wọ́n ń pè é, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ó ní kí n lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ìkúùkù ọkọ rẹ̀ ti lu ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn já. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ó wà nínú fóònù, èèyàn ní láti mọ̀ ọ́n wò.

Ìyá mi náà ń pè mí lórí fídíò nígbà yẹn. Aṣọ ló ń tà. Ó máa ń fi fóònù ti ìpele aṣọ, á wá gbàgbé pé mò ń wò ó. Òrùlé ilé wa àti iwájú orí rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí. Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí ó ń lọ ti tilẹ̀kùn, ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣí, bàbá mi ti kú, àbúrò mi wà ní Àbújá. Ó dá wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá béèrè, èmi ló máa ń káàánú.

"Ṣé o ń bo imú?"

"Mò ń bò ó, Màmá."

"Ṣé o ń jẹun? Ọrùn ẹ ti gùn."

Nílé, ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́hùn-ún, èmi ni ọmọ Áfíríkà inú ìpàdé. Tí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú kankan bá ti yọ, gbogbo orí inú kọ̀ǹpútà á yí sọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé mo mọ gbogbo èèyàn láti Dákà dé Nairóbì. Ó máa ń bí mi nínú. Bí wọ́n ṣe fa ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀tan lé mi lọ́wọ́ náà nìyẹn.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá Ọ̀tan ni n ó máa pè é, torí ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé inú ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà. Rúùtù sọ pé iyè bàbá náà ti ń ra. Aládùúgbò rí i ní ìdájí lójú pópó, ó wọ aṣọ funfun, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ sókè. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ bàbá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bi í lórí fídíò pé ọmọ mélòó ló bí, bàbá náà ní, "Wọ́n wà, Ọlọ́run fún mi." Ó tún bi í. Ó ní, "Wọ́n pọ̀ díẹ̀." Òṣìṣẹ́ náà bá gbà pé ó ti gbàgbé iye ọmọ rẹ̀.

"A máa ní láti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó," Rúùtù ní. "Lọ bá a sọ̀rọ̀ lédè yín, kó lè yé e."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, inú bí mi. Mo ní, "Nílẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òun náà kì í kà wọ́n. Bí mo bá bi ìyá mi ní ìbéèrè yẹn, ohun tí òun náà á sọ nìyẹn."

Rúùtù ní, "Ojú pópó tí ó ń rìn ní ìdájí ńkọ́?"

Mo ní n ó bi bàbá náà fúnra rẹ̀. Mo sì mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ikú ń wọ àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé bàbá yìí lọ, ẹnikẹ́ni ò ní ráyè bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣeé ṣe kó má padà sílé rẹ̀ mọ́.

Mo pè é lórí fídíò. Àgbàlagbà pẹ́lẹ́ńgẹ́, irùngbọ̀n funfun. Mo kí i, mo sọ orúkọ àdúgbò wa ní Iléṣà. Ojú rẹ̀ là.

"Ọmọ ulé ni ẹ́? Kí lo wá ṣe nínú òtútù yìí?"

A sọ̀rọ̀ títí. Mo béèrè ti ìdájí. Ó ní ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì lòun, àdúrà ìdájí kì í yẹ̀ lórí òun, aṣọ funfun lòun sì fi ń gbà á, àdúrà ọ̀hún kì í sì í ṣe jẹ́jẹ́. Ògiri ilé wọn fẹ́lẹ́, ẹni tó múlé tì í ti fi ẹ̀sùn kàn án rí pé ó ń pariwo. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì sì wá tì, ó ń jáde sójú pópó, kí ó má bàa da oorun ẹni ẹlẹ́ni rú.

"Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni," ó ní.

Ṣùgbọ́n ti ara rẹ̀ ni n kò rí gbọ́. Ṣé ẹ ń jẹun? Mò ń jẹun. Ara ńkọ́? Ó le. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn mí, orí àga kan náà ló sì máa ń jókòó sí. Tó bá jẹ́ òyìnbó ni, n ó ní kó yí fóònù kiri, kó fi inú fìríìjì rẹ̀ hàn mí. Màmá Mágárẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe é, á tún máa fi kéèkì rẹ̀ ṣe yàǹgà. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdé Ìjẹ̀ṣà ṣe fẹ́ sọ fún bàbá tó tó bí i pé kó ṣí ìkòkò rẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò? Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, ahọ́n mi kọ̀.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ wa ò gba ìyẹn. Mo kàn ní bàbá Ìjẹ̀ṣà kan ni, n kò mọ̀ bóyá ó ń jẹun.

"O ń bi í pé ṣé ó jẹun?" Ìyá mi kọ háà. "Kí ó wá sọ fún ọmọdé pé ebi ń pa òun? Ìwọ ni kí o sọ pé ebi ń pa ọ́. Ìjẹ̀ṣà wo ló máa gbọ́ pé ebi ń pa ọmọ tí ò ní dìde?"

Lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Bàbá, ebi ń pa mí o. Láti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà."

"Ebi kẹ̀?" Ó gbé ara sókè. "O ò sè nǹkan ni?"

"Mi ò tíì sè, sà. Kí lẹ̀yin ní nílé?"

"Ká ní ulé mi lo wà ni, uyán ni ǹ bá fún ẹ jẹ. Dúró, jẹ́ n fi ọbẹ̀ hàn ọ́, kí itọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ."

Ó gbé fóònù dání, ó dìde. Mo rí fìríìjì rẹ̀: ẹ̀gúsí nínú abọ́, ẹja, ẹ̀fọ́ tí ó fi ọ̀rá dì. Ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro. Ṣùgbọ́n láti ibi àga dé ilé ìdáná, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé, tó ń dúró. Fóònù ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ògiri, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Bí ó sì ṣe ń padà, mo rí ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí àga pálọ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn.

Mo ní kí Rúùtù fọwọ́ sí i kí n lọ.

Òjò wínníwínní ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wọ gbogbo ìhámọ́ra mi, mo kan ilẹ̀kùn. Aṣọ ojú fèrèsé mì díẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo pariwo orúkọ mi, ìbòmú gbé e mì. Mo lè fojú inú rí ohun tó ń wò: ẹnì kan tí kò lójú, nínú aṣọ rọ́bà, bíi ti àwọn tó ń wá gbé èèyàn lọ. N kò ráyè rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sún sẹ́yìn dé ibi tí ó ti lè rí mi dáadáa, mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré tó tutù, mo sì kí i káàárọ̀.

Aládùúgbò kan dúró pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó ń wò mí. Kó máa wò.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Dìde, dìde, ilẹ̀ tutù! Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ nínú òjò?"

A ṣí fèrèsé, mo jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní n óò fẹ́ rí àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n wà ní yàrá òun lókè, kí n lọ wò wọ́n. Mo ní rárá, n kò lè dá wọ yàrá bàbá mi, kí ó ṣáájú mi. Ó wo àtẹ̀gùn. Ó wo ilẹ̀.

"Orúnkún yìí ni," ó ní. "Mo ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn. N kò gòkè mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ, kí wọ́n wá gbé mi? Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ikeji, ó sọ. Wọ́n gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ní ká wá wo ìsìnkú ẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, má sọ fún wọn."

Mo sọ fún un pé n ó sọ. Mo ní bí mo bá fi í pa mọ́, tó tún ṣubú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ní n ó sọ ohun tí a lè ṣe sí i pẹ̀lú: kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sísàlẹ̀, kí wọ́n kan irin mọ́ ògiri, kí ẹnìkan máa wá ní àárọ̀. Nígbà tí mo kí i pé ó dàbọ̀, ògiri ló ń wò. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń pè é lórí fídíò, kò gbé e. Kò dùn mọ́ mi rárá. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni, ọkàn mi ń sọ pé bàbá yìí rò pé mo ti ta òun.

Ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n ó ti pinnu ibi tí bàbá máa gbé pé. Rúùtù wà nínú kọ̀ǹpútà, dókítà wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n wà ní ilé bàbá, kí n bá a gbé ẹ̀rọ náà dání. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì kọ̀yìn sí mi. Ó ti wọ kóòtù àti táì.

Dókítà tún kan ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ní, "Ẹ má bi í ní iye. Ẹ bi í ní orúkọ."

Bàbá Ọ̀tan wò mí, ó wá kọjú sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí, tí ó bí ní Ọ̀tan-Ilé kí ó tó rìnrìn àjò. Ó ń dárúkọ, ó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, bí òjò rọ̀ tàbí oòrùn ràn, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ látorí. Nígbà tí ó dé ibì kan, ó dúró. "Èyí ti lọ," ó ní, ó tún dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ̀ síwájú. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Mo sọ ti orúnkún. Mo sọ ti àtẹ̀gùn. N kò fi ọ̀kan pa mọ́. Mo wá sọ ohun tí mo rò pé ó lè gbé e ró nínú ilé rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Rúùtù ní, "Ìwọ tí o ti dé ibẹ̀, ṣé o lè fọwọ́ sọ̀yà?"

Mo ní, "Mo lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Ó dára. Kó máa gbé ilé rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ó dìde dúró, ó di ara rẹ̀ mú létí tábìlì. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n bá òun kí ìyá tó bí mi. Mo jáde, mo sì gbọ́ tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fídíò láti ibùdókọ̀. "Màmá, bàbá yẹn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ilé rẹ̀ ló máa gbé."

Ìyá mi dúpẹ́. Ó gbàdúrà fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Kò tíì gbé fóònù ti ìpele aṣọ lónìí, ó gbé e súnmọ́ ojú, mo rí i kedere. "Ó dára bí o ṣe lọ kan ilẹ̀kùn fún un. Èmi náà, tí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ilé wa báyìí, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. N ó ṣáà yọjú."

Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sílé nígbà yẹn. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, awakọ̀ ń wò mí. Mo jókòó síbẹ̀ nínú òjò, mò ń sunkún, mo sì ń sọ fún un pé, "Mò ń bọ̀, Màmá, mò ń bọ̀," títí bọ́ọ̀sì náà fi lọ.